Agbára Méjì Nínú Jíìpù Ńlá

Bí ikùn ẹranko bá ti tóbi tó ni oúnjẹ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ewúrẹ́ kò lè jẹ tó màlúù, bẹ́ẹ̀ ni màlúù kò lè jẹ tó erin. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Ọkọ̀ kékeré a máa mu epo níwọ̀n, ṣùgbọ́n jíìpù ńlá tí ó gba ènìyàn 8 pẹ̀lú ẹrù wọn a máa mu ún bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí epo kò wọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbìkítà. Ṣùgbọ́n ní àárín ọdún 2008, owó gálọ́ọ̀nù epo kan ré kọjá dọ́là 4 níbẹ̀. Nígbà náà ni ìbéèrè kan di ìbéèrè gbogbo ilé: ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ tóbi, kí ó má sì jẹ olówó rẹ̀ run?

Ọ̀kan nínú ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mú wá ni ọkọ̀ tí a ń pè ní háíbíríìdì. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni ohun tí a bí láti inú irú méjì, gẹ́gẹ́ bí ìbaaka ti jẹ́ ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Agbára méjì ni ó ń wa ọkọ̀ náà: ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo, àti ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná láti inú bátìrì. Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ni Ferdinand Porsche, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Vienna nígbà náà, ti ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di oṣù Kejìlá ọdún 1997 kí ilé iṣẹ́ Toyota tó gbé Prius jáde ní ilẹ̀ Jàpáàn, tí háíbíríìdì sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Báwo ni agbára méjì ṣe ń dín epo kù? Kí a kọ́kọ́ wo bí epo ṣe ń ṣòfò. Ẹni tí ó bá ti kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ̀ pé ìgbà tí kẹ̀kẹ́ náà bá ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni ó le jù. Bí ó bá sì ti ń yí, wàhálà rẹ̀ dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń ná epo púpọ̀ láti gbéra. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, gbogbo agbára tí epo náà fi sínú ìrìn ọkọ̀ a di ooru lára bíréèkì, ooru náà a sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí iná ojú pópó bá dá ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì a tún máa mu epo láìlọ síbi kankan.

Ibí yìí ni háíbíríìdì ti ń gba ọkọ̀ là. Bí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, ẹ̀rọ iná mànàmáná a di jẹnẹrétọ̀. Ìyípo táyà ni yóò máa yí i, yóò sì máa dá agbára padà sínú bátìrì. Bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnnì a kú fúnra rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbéra, bátìrì a ná ohun tí ó ti fi pamọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bí ọkọ̀ bá sì ti wúwo tó ni agbára tí a lè gbà padà lọ́wọ́ bíréèkì ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe rò pé jíìpù ńlá gan-an ni ó yẹ kí a dán an wò lára rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ General Motors gbé Chevrolet Tahoe Hybrid jáde. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 8 ni ó ní, ẹ̀rọ iná mànàmáná méjì sì wà nínú àpótí gíà rẹ̀. Bátìrì rẹ̀, tí agbára rẹ̀ tó fóòtì 300, wà lábẹ́ ìjókòó kejì. Bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́, iná mànàmáná nìkan lè wà á. Bí ó bá ń sáré lọ ní ọ̀nà tí ó tẹ́jú, sìlíńdà 4 lè sinmi kí 4 tí ó kù máa ṣiṣẹ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà wọn bí ó ti ń mu epo sí. Tahoe tí kì í ṣe háíbíríìdì ń rin máìlì 14 pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, àti máìlì 20 ní ọ̀nà márosẹ̀. Tahoe háíbíríìdì ń rin máìlì 21 nínú ìlú, àti 22 ní ọ̀nà márosẹ̀. Èyí ni pé nínú ìlú, jíìpù onílé-gogoro yìí bá Toyota Camry onísìlíńdà 4 dọ́gba. Kí ni ìdí tí èrè ọ̀nà márosẹ̀ fi kéré? Níbẹ̀, awakọ̀ kì í tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́, kò sì sí ohun púpọ̀ láti gbà padà. Afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ gíga ń dojú kọ ni ó ń jẹ epo náà, háíbíríìdì kò sì lè gba èyí padà.

Ìṣirò kan wà níhìn-ín tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí jíìpù bá kúrò ní máìlì 14 sí 21, tí ọkọ̀ kékeré sì kúrò ní 30 sí 45, ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé ọkọ̀ kékeré ni ó jèrè jù, nítorí pé 15 ju 7 lọ. Ṣùgbọ́n kí a wo ìrìn 10,000 máìlì. Epo jíìpù yóò dín kù láti nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 714 sí 476. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 238. Ti ọkọ̀ kékeré yóò dín kù láti 333 sí 222. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 111 péré. Ní ọdún 2008, Richard Larrick àti Jack Soll ti Yunifásítì Duke kọ̀wé lórí àṣìṣe yìí. Wọ́n fi hàn pé ibi tí ìfiṣòfò bá ti pọ̀ jù ni àtúnṣe díẹ̀ ti ń so èso púpọ̀ jù.

Síbẹ̀, ọjà Tahoe náà kò yá. Owó rẹ̀ tó nǹkan bí 50,000 dọ́là, epo sì tún wálẹ̀ gidigidi ní ìparí ọdún 2008. Lẹ́yìn àwọn tí a ṣe fún ọdún 2013, wọn kò ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n èrò náà kò kú. Ní ọdún 2022, Toyota gbé Sequoia tuntun jáde, kò sì sí èyí tí kì í ṣe háíbíríìdì nínú wọn. Dípò ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 8, onísìlíńdà 6 pẹ̀lú iná mànàmáná ni ó ní. Agbára rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ lórí gálọ́ọ̀nù kan, bí a bá pa ìlú àti márosẹ̀ pọ̀, kúrò ní 15 di 22.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé wa. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, olúkúlùkù onímọ́tò ni ó ń ṣírò kí ó tó jáde. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ń dá dúró lójoojúmọ́ lè jèrè lára háíbíríìdì ju ẹni tí ń sáré láti ìlú dé ìlú lọ. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé bátìrì a máa gbó, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àti pé iná inú rẹ̀ lè pa mẹkáníìkì tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó sì yẹ kí a má gbàgbé òtítọ́ kan. Lórí 10,000 máìlì kan náà, Prius ọdún 2008 kò mu ju nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 217 lọ, nígbà tí Tahoe háíbíríìdì yóò mu ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ìmọ̀ ẹ̀rọ lè kọ́ erin láti má da oúnjẹ nù, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di ewúrẹ́. Ẹni tí ó ní ẹrù erin láti gbé, kí ó ra erin tí kì í fi oúnjẹ ṣòfò. Ẹni tí ewúrẹ́ tó fún, kí ó má tìtorí afẹ́ di ẹrù erin ru ara rẹ̀.