Ta ló ń júwe ọ̀nà fún fóònù yín?

Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa lókè Ọya ló ti ní ìkànnì tiwọn báyìí. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń rí nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n á san owó oṣù sí. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ṣàlàyé bí fóònù ṣe ń mọ ibi tí ìkànnì kan wà, torí ibẹ̀ lolè lè gbà wọlé.

Fóònù ò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ ìkànnì, á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ká júwe ọ̀nà. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní DNS. Paul Mockapetris, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1983. Ó dà bí àlejò tó ń wá ilé ẹnì kan ní Sabon Gari, Kánò. Ó bi oníṣọ́ọ̀bù kan, oníṣọ́ọ̀bù lọ bi ẹlòmíì, ó sì fi ìdáhùn sọ́kàn kó má bàa tún béèrè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló máa gbà gbọ́.

Kì í ṣe pé kò sí ààbò rárá o. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bí èyí tí wọ́n ń kọ sára ẹrù ní gáréèjì, ìdáhùn tí nọ́ńbà rẹ̀ ò bá bá a mu, wọ́n á dà á nù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọ̀hún ò ju 65,536 lọ. Èrò àwọn àgbà iṣẹ́ ni pé tí oníjìbìtì bá méfò tí kò gbà á, ó di ìgbà tí oníṣọ́ọ̀bù bá gbàgbé ìdáhùn kó tó tún gbìyànjú.

Ní 2008, Dan Kaminsky, ọmọ Amẹ́ríkà, rí i pé kò sídìí láti dúró. Olè lè máa béèrè orúkọ tí kò sí lábẹ́ orúkọ báńkì kan náà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíì, kó máa méfò lọ. Tó bá ti bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan péré, á ní "ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ ti máa béèrè báńkì yìí." Ó parí nìyẹn. Oníbàárà tẹ orúkọ báńkì, ilé olè ló bá ara ẹ̀.

Kaminsky ò pariwo. Èyí wú àwa ọlọ́jà lórí gan-an, torí ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ kan tó ń ṣí gbogbo ṣọ́ọ̀bù láìnì, kò yẹ kó kígbe kí wọ́n tó pààrọ̀ àgádágodo. Ó sọ fún Paul Vixie, ògbóǹtarìgì DNS. Lóṣù kẹta, èèyàn mẹ́rìndínlógún pàdé lọ́gbà Microsoft ní Redmond. Ní July 8, àwọn iléeṣẹ́ tó ń bára wọn du ọjà gbé àtúnṣe jáde lọ́jọ́ kan náà: yàtọ̀ sí nọ́ńbà, ẹnu ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà jáde á máa yí padà, olè gbọ́dọ̀ méfò méjèèjì pọ̀. Kóṣù náà tó parí, àṣírí ti tú. Àwọn tó fi àtúnṣe falẹ̀ ló wà nínú ewu.

Àtúnṣe yẹn kàn dín ewu kù ni. DNSSEC, níbi tí onílé ti ń fọwọ́ sí ìdáhùn, ló lágbára jù. Ẹ bi ẹni tó ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ yín bóyá ó ti tàn án. Tí fóònù bá kìlọ̀ pé ìkànnì kan ò láàbò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kọjá, pàápàá tọ́rọ̀ owó bá wà níbẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi gba àdírẹ́sì ìkànnì náà, tàbí ti ọmọkùnrin tó bá yín ṣe é tó ti kó lọ sí Àbújá. Kí akápò kọ ọjọ́ tí wọ́n á tún un san sílẹ̀.