Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Eruku Ọyẹ́ Ba Ráṣẹ́ẹ̀tì Yín Jẹ́

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan ẹnikẹ́ni láàrin àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní Òkè Ọya, àwọn mẹkáníìkì ni, pàápàá lórí sípánà tí wọ́n ń pè ní ráṣẹ́ẹ̀tì. Òun ni èyí tí ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí a bá ń fi í yí nọ́ọ̀tì, tí kò béèrè pé kí a yọ ọ́ kúrò lórí nọ́ọ̀tì kí a tó tún un fà. Irinṣẹ́ díẹ̀ ni ó ń dín wàhálà kù tó o nínú àyè tóóró tí ó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀. Díẹ̀ sì ni a ń fìyà jẹ tó o.

Ìlú ọkọ̀ ni Kàdúná. Ojú irin tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò gba ibẹ̀ kọjá, ó di olú-ìlú Àríwá ní 1917 nígbà tí ìjọba amúnisìn kó kúrò ní Zungeru, ibẹ̀ náà sì ni ilé-iṣẹ́ PAN ti bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní 1975. Ẹni tí ó bá ń wá irinṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò ga ní ìlú náà mọ ọ̀nà ọjà Panteka. Ráṣẹ́ẹ̀tì àlòkù lè dára ju tuntun tí a fi irin tí kò le ṣe lọ, bí ẹni tí ó rà á bá mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ọyẹ́, tí àwọn Haúsá ń pè ní hunturu, ni olórí ọ̀tá rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń ru eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ ní ayé àtijọ́. Eruku yìí kúnná bí ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n iyanrìn wà nínú rẹ̀. Bí ó bá pò mọ́ gírísì, kì í ṣe gírísì mọ́. Ó ti di ohun tí a fi ń lọ irin.

Ẹni tí kò bá ṣí orí ráṣẹ́ẹ̀tì rí kò lè mọ ọṣẹ́ tí èyí ń ṣe. Irin róbótó eléyín kan wà nínú rẹ̀. Irin kékeré mìíràn, tí a lè pè ní ahọ́n, ń bọ́ sí àárín àwọn eyín náà, sípíríǹgì tín-ín-rín sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Bí a bá fa ọwọ́ sípánà sí ìhà kan, ahọ́n yóò há, nọ́ọ̀tì yóò sì yí. Bí a bá dá a padà, ahọ́n yóò máa fò lórí eyín, òun ni a ń gbọ́ tí ó ń dún. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: ní 1863 ni J. J. Richardson, ará Woodstock ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú sípánà bẹ́ẹ̀. Iye eyín ni ó ti pọ̀ sí i. Ráṣẹ́ẹ̀tì tí ó ní eyín 24 gbọ́dọ̀ lọ ìdá kan nínú 24 àyíká kí ahọ́n tó bọ́ sí eyín tí ó kàn. Ọ̀pọ̀ ti òde òní ní eyín 72. Èyí wúlò nínú àyè tóóró, ṣùgbọ́n eyín kéékèèké ni wọ́n, wọn kò jìn. Ìdọ̀tí díẹ̀ tó láti dí ahọ́n lọ́wọ́ kí ó má wọlé dé ìdí.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ahọ́n tí kò wọlé dé ìdí yóò dà bí ẹni pé ó há, títí mẹkáníìkì yóò fi da gbogbo ara lé sípánà. Nígbà náà ni yóò yọ lójijì, tí ìka ọwọ́ yóò lọ kọlu irin ẹ́ńjìnnì tàbí abẹ fáànù. Ọmọṣẹ́ tí ìka rẹ̀ bá ṣẹ́ báyìí ní ìlú tí kò ti ní ẹbí, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn, ta ni yóò sì bọ́ ọ títí ọwọ́ yóò fi jinná? Àwọn ọ̀gá tí ń sọ pé “fi agbára sí i” kì í sábà ronú débẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣí orí ráṣẹ́ẹ̀tì ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: kí ọyẹ́ tó dé, àti nígbà tí òjò bá ti pa eruku. Kí a kọ́kọ́ nu ìta rẹ̀ mọ́, kí a sì tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́. Ìdérí àwọn kan ní skúrù kéékèèké, òrùka irin ni ó sì mú ti àwọn mìíràn. Èyí tí kò bá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, kí a má fi òòlù bá a jà. Kí a kán òróró díẹ̀ sí etí rẹ̀, ó tán. Bí ìdérí bá ṣí, kí a fi fóònù ya àwòrán inú rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Sípíríǹgì inú rẹ̀ lè ta nù bí ìrẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti wá ọ rí nínú iyanrìn mọ ohun tí ojú ń rí. Nítorí náà àwọn ọlọ́gbọ́n a máa ki ọwọ́ àti sípánà bọ inú ọ̀rá tí ojú ríran gbà kọjá kí wọ́n tó tú u.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ni a ó fi fọ̀ ọ́, ní ibi tí ó jìnnà sí iná. Pẹtiróòlù léwu jù. Kí a nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí a sì wo eyín àti ahọ́n nínú oòrùn bóyá ẹnu wọn ti kú.

Ọ̀rọ̀ òróró ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Gírísì líle tí a ń fi sí bẹ́árìn táyà kò yẹ ẹ́, nítorí ó máa ń fa ahọ́n sẹ́yìn, pàápàá ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí òtútù bá mú un dì. Ọ́ìlì dúdú tí a tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì kún fún èédú àti lẹ́búlẹ́bú irin. Òróró búréèkì ń fa omi mọ́ra, ó sì ń bó ọ̀dà. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà yóò di oje bó bá pẹ́. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ó wà lọ́wọ́ télọ̀ gbogbo, dára púpọ̀: ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta tó. Bí a bá rí gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a fi ìka pa á lásán, kí irin lè máa dán lábẹ́ rẹ̀. A kì í dì í bí ẹni ń di mọ́ínmọ́ín.

Bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì lè bọ́ sílẹ̀ náà ń fẹ́ ẹ̀kán kan. Ọmọ ọdún 18 ni Peter Roberts, akọ̀wé ọjà kan ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Sears, ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́, ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tí kò ju 10,000 dọ́là lọ. Roberts gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1978 pé kí wọ́n san mílíọ̀nù kan dọ́là fún un.

Bí a bá ti tò ó padà, kí a dì í mú nínú fáìsì, kí a fà á díẹ̀díẹ̀ sí ìhà méjèèjì kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dún ketekete, kí ìka kan ṣoṣo sì lè yí i padà. Nọ́ọ̀tì tí ó bá ti ganpa kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn tí kò ní eyín nínú ni ti ìyẹn, a kì í sì fi páìpù gùn ọwọ́ ráṣẹ́ẹ̀tì. Èyí tí eyín rẹ̀ bá ti jẹ, tí a kò rí ohun inú rẹ̀ rà, kí a fi ọ̀dà pupa kun ọwọ́ rẹ̀, kí ọmọṣẹ́ lè mọ̀ pé nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ nìkan ni a ń fi í tú.