Ìdíwọ́ Mẹ́rin, Orúkọ Kan: Oòrùn, Sátẹ́láìtì àti Tẹlifóònù nínú Èdè-Ìperí Yorùbá

1. Ìfáárà

Bí ìròyìn bá jáde pé oòrùn da iṣẹ́ sátẹ́láìtì tàbí ti tẹlifóònù rú, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí atúmọ̀ èdè lẹ́nu ni ‘ìjì oòrùn’. Kò sí àléébù nínú gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ìdíwọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí. Ọ̀kan wà nínú wọn tí a lè kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Òmíràn wà tí kì í kéde kí ó tó dé. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan pe méjèèjì kò lè sọ fún olùgbọ́ rẹ̀ bí yóò ti múra sílẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìdíwọ́ náà ti wá, lẹ́yìn náà ni a ó dábàá orúkọ fún un.

2. Ọ̀rọ̀ náà ‘oòrùn’

Ó kéré tán, ìtumọ̀ mẹ́ta ni ‘oòrùn’ ní nínú èdè wa. Bí a bá ní oòrùn wọ̀, ara oòrùn gan-an ni à ń sọ. Bí a bá ní kí ọmọdé kúrò nínú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni. Bí a bá sì ní oòrùn mú, ooru ni. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kà á pé oòrùn ba ìpè tẹlifóònù jẹ́, ooru ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n ooru tí ń ta wá lára kọ́ ni ó ń fa èyíkéyìí nínú àwọn ìdíwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí ń fà wọ́n ni ìgbì rédíò tí oòrùn ń tú jáde, ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò lè rí, àti eruku oníná mànàmáná tí ó ń fẹ́ jáde pẹ̀lú agbára mágínẹ́ẹ̀tì. Èyí ni olùkọ́ ní láti kọ́kọ́ là yé akẹ́kọ̀ọ́.

3. Ìbohùn oòrùn

Ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì tí ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti ìpè káàkiri wà lókè agbedeméjì ayé, ní gíga 35,786 kìlómítà, tí wọ́n ń bá ayé yí lọ́gbọọgba. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìgbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba, oòrùn a máa gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ kọjá. Àwo tí ó kọjú sí sátẹ́láìtì náà yóò wá kọjú sí oòrùn pẹ̀lú. Nítorí pé oòrùn ń tú ìgbì rédíò tirẹ̀ jáde, ohùn sátẹ́láìtì yóò dà bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù bàtá. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lóòjọ́, fún ọjọ́ díẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àsìkò rẹ̀ máa ń bọ́ sí ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 21 oṣù kẹta àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án. Sátẹ́láìtì Nàìjíríà, NigComSat-1R, tí a fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2011, wà ní ìhà ìlà-oòrùn wa. Fún àwo tí ó kọjú sí i láti Ìbàdàn, òwúrọ̀ ni ìdíwọ́ yìí máa ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ìjì kankan níhìn-ín. Kò sí ohun tí ó ṣe oòrùn, kò sì sí ohun tí ó ṣe sátẹ́láìtì. Ohùn kan ni ó bo òmíràn mọ́lẹ̀. A dábàá ‘ìbohùn oòrùn’.

4. Ìkọmànà oòrùn

Láti nǹkan bí 80 kìlómítà sókè, ìtànṣán oòrùn a máa já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́. Átọ́ọ̀mù tí ó pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ di áyọ́ọ̀nù. A ó sì pe ibẹ̀ ní ‘ìpele aláyọ́ọ̀nù’. Ìpele yìí ni rédíò ọlọ́nà jíjìn fi ń ṣe ògiri tí ìgbì rẹ̀ ń ta mọ́ kí ó tó padà wá sílẹ̀.

Nígbà mìíràn, apá kan lára oòrùn a bú gbàmù, a sì kọ mànà. Ìtànṣán X inú rẹ̀ ń bá ìmọ́lẹ̀ rìn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Yóò mú kí ìsàlẹ̀ ìpele aláyọ́ọ̀nù ki, tí yóò fi máa gbé ìgbì rédíò mì dípò kí ó dá a padà. Ìhà ayé tí ilẹ̀ ti mọ́ nìkan ni èyí ń kàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjì líle Irma ń jà ní àwọn erékùṣù Kàríbéánì, ní wákàtí tí àwọn ènìyàn nílò rédíò jù lọ. Orúkọ tí a dábàá ni ‘ìkọmànà oòrùn’. Ìró ọ̀rọ̀ náà gbé ìyára rẹ̀ hàn: ìgbà tí a bá rí i ni ó dé.

5. Ìtújáde oòrùn àti ìjì mágínẹ́ẹ̀tì ayé

Oòrùn tún lè tú àgbájọ eruku oníná mànàmáná jáde. Èyí kì í yára tó ìmọ́lẹ̀. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí ó tó dé. Bí ó bá kọlu agbára mágínẹ́ẹ̀tì tí ó yí ayé ká, ìgbà náà ni a lè sọ pé ìjì jà. Nǹkan méjì nìyí, kì í ṣe ọ̀kan: ‘ìtújáde oòrùn’ ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ‘ìjì mágínẹ́ẹ̀tì ayé’ ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. A yẹra fún ‘òòfà’ nítorí pé a ti ń lò ó fún agbára tí ń fa nǹkan wálẹ̀.

Ní ọdún 1859, irú ìjì yìí da iṣẹ́ tẹlígíráàfù rú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1989, ó pa iná Québec ní Kánádà fún nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ó mú kí afẹ́fẹ́ òkè gbóná kí ó sì wú, tí 38 nínú sátẹ́láìtì Starlink 49 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ fi já bọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó ṣi ẹ̀rọ atọ́nà GPS lọ́nà, àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà kan sì ní láti dá katakata wọn dúró ní àkókò ìgbìn.

6. Ìgbọ̀nrìrì ìgbì

Ìdíwọ́ kẹrin ni ó kan àwa gan-an jù lọ. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìpele aláyọ́ọ̀nù tí ó wà lókè wa a máa dàrú, a sì di ihò-ihò. Ìgbì sátẹ́láìtì tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò máa lágbára, yóò sì máa rẹ̀wẹ̀sì, bí ìràwọ̀ tí ń ṣẹ́jú. Èyí wọ́pọ̀ ní agbègbè agbedeméjì mágínẹ́ẹ̀tì ayé, tí ìlà rẹ̀ gba òkè Nàìjíríà kọjá. Ó máa ń le sí i ní àwọn ọdún tí iṣẹ́ oòrùn bá pọ̀, ìyípo èyí tí ó tó nǹkan bí ọdún 11. ‘Ìṣẹ́jú’ ni ìbá yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n agogo ti gba ọ̀rọ̀ náà. A dábàá ‘ìgbọ̀nrìrì ìgbì’.

7. Èyí tí kì í ṣe ẹjọ́ oòrùn

Tẹlifóònù alágbèéká tí ó wọ́pọ̀ kì í bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ bí a bá ń pe ènìyàn. Òpó tí ó wà nítòsí ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ìpè bá já ni a lè di ẹ̀bi ru oòrùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2024, iṣẹ́ AT&T dákẹ́ ní Amẹ́ríkà fún wákàtí púpọ̀. Oòrùn ti kọ mànà ní òru náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fura sí i. Ìwádìí fi hàn pé àṣìṣe nínú ìtò ẹ̀rọ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oṣù ìbohùn ni, ṣùgbọ́n wáyà abẹ́ òkun ni ó já nítòsí Abidjan.

8. Àgbálọgbábọ̀

A rọ olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè pé kí wọ́n bi ìròyìn ní ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó yan orúkọ. Ṣé a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé ọ̀sán ni tàbí òru? Ṣé ó dé pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ni, tàbí ó gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà? Bí ìdáhùn kò bá tíì sí, kí a kọ ‘ìdíwọ́ láti ọ̀dọ̀ oòrùn’, kí a má sì pè é ní ìjì. Bí ẹ̀rí pé oòrùn ni ó fà á kò bá sì sí rárá, kí a kọ ‘ìdíwọ́’ nìkan.