Ìwé Orúkọ Yín Ńkọ́? Bí Díósíìsì Àjàṣẹ́ Ṣe Wà

Ẹ̀yin ará wa, ẹ máa ń gbọ́ pé: «Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́.» Ta ni bíṣọ́ọ̀bù? Kí ni díósíìsì? Ẹ jẹ́ ká wò ó papọ̀.

Díósíìsì ni gbogbo ilẹ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń ṣe àkóso Ìjọ Àgùdà lórí rẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń pè é ní Ìjọ Àgùdà? Àgùdà l'à ń pe àwọn èèyàn wa tó ti oko ẹrú dé láti Brazil. Wọ́n mú ìsìn náà bọ̀. Nígbà tí fadá Francesco Borghero àti fadá Francisco Fernandez gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861, wọ́n bá àwọn Àgùdà níbẹ̀. Ní 1864, àwọn fadá dé Àjàṣẹ́.

Ní 1954, Pópù sọ Àjàṣẹ́ di díósíìsì. Noël Boucheix, ọmọ Faransé, ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Vincent Mensah, ọmọ ilẹ̀ wa, wá jẹ ẹ́ títí di 2000.

Kétu, Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ wà lábẹ́ Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, Díósíìsì Ìdáàṣà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ni tiyín. Díósíìsì 10 ló wà ní Benin.

Igi kan kì í dágbó ṣe. Bíṣọ́ọ̀bù nìkan kò lè dé gbogbo abúlé. Báyìí ni wọ́n ṣe pín iṣẹ́:

1. Ní abúlé, olùkọ́ ìsìn ló ń kọ́ni, tó ń darí àdúrà. Kì í ṣe fadá.
2. Abúlé mélòó kan papọ̀ di páríṣì kan. Fadá ló ń ṣe olórí rẹ̀.
3. Gbogbo páríṣì papọ̀ di díósíìsì. Bíṣọ́ọ̀bù ló ń fi èèyàn joyè fadá, òun ló sì ń rán wọn lọ sí páríṣì.
4. Pópù ló ń yan bíṣọ́ọ̀bù.

Kí ni èyí kàn yín? Ẹ gbọ́. Bí wọ́n bá sàmì fún ọmọ, páríṣì á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ìjọ, wọ́n á béèrè ìwé ìsàmì lọ́wọ́ rẹ̀. Kó má lọ dààmú ara rẹ̀ dé Àjàṣẹ́. Páríṣì tí wọ́n ti sàmì fún un ni kó lọ.

Ìwé yẹn tún ń ṣọ́ni. Bí ọkùnrin kan bá ti gbéyàwó ní ìjọ ní Kútọnù, wọ́n á ránṣẹ́ sí páríṣì tí wọ́n ti sàmì fún un, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Bó bá wá sọ fún ọmọbìnrin yín pé àpọ́n l'òun, ìwé á tú àṣírí rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ìsàmì, ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ hàn yín. Ẹ kà á fúnra yín. Ṣé orúkọ ọmọ pé? Ṣé orúkọ bàbá àti ìyá pé? Ṣé ọjọ́ ìbí tọ̀nà? Bí kò bá tọ̀nà, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹnìkan ò ní kà á fún yín mọ́.

Ìbéèrè:
Ta ló ń ṣe olórí páríṣì?
Níbo l'a ti ń gba ìwé ìsàmì?