Wíǹṣì oníná

Wíǹṣì oníná jẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn atukọ̀ ń fi fa okùn ìgbòkun. Irin ribiti bí ìlù kékeré ni, tí a ń wé okùn mọ́ lára. Jíà inú rẹ̀ ni ó ń sọ agbára díẹ̀ di púpọ̀. Èyí tí kì í lo iná ni a ń fi irin ọlọ́wọ́ yí, ṣùgbọ́n oníná ní mọ́tò lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì. Lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe é ni Lewmar ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Harken ti Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó nílò rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni àwọn ará Ganvié, lórí adágún Nokoué ní Benin, fi ń di okùn ìgbòkun ọkọ̀ wọn mú. Ọkọ̀ ńlá tí ènìyàn méjì péré ń tù lórí òkun ni ó sábà máa ń wá ìrànlọ́wọ́ iná.

'''Fífi í sórí ọkọ̀ fúnra ẹni'''

Ààyè abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ni a ń kọ́kọ́ wọ̀n, kí mọ́tò má baà bọ́ sí orí ibùsùn ẹni. Ọ̀pọ̀ dẹ́ẹ̀kì ní pákó fẹ́lẹ́ láàárín ìpele fáíbà méjì. Bí omi bá gba ihò bóòtù wọ inú pákó yìí, yóò jẹrà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Nítorí náà, a ń gbẹ́ pákó etí ihò kúrò, a ń fi epoxy dí i. Nígbà tí ó bá le tán ni a ń tún ihò náà lu. Àwo irin tí ó nípọn ni a ń fi gbe bóòtù nísàlẹ̀, kí okùn má baà fa wíǹṣì tu tòun ti dẹ́ẹ̀kì.

Wáyà ni ewu pọ̀ sí jù. Mọ́tò 1,000 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì ń fa nǹkan bí 83 ámpìà; lórí 24 fóòtì, nǹkan bí 42. Ẹni tí ó bá ti rí wáyà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń so bátìrì mọ́ inverter nínú ilé ní Òkè-Ìlewó, ní Abẹ́òkúta, yóò mọ irú èyí tí à ń sọ. Wáyà tínínrín yóò gbóná, ó sì lè dá iná sílẹ̀ lójú agbami, níbi tí kò sí panápaná. Bí wáyà bá ṣe gùn sí, lọ àti bọ̀, ni ó gbọ́dọ̀ ṣe nípọn sí. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni fíúsì ń wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ wíǹṣì, nítorí wáyà gan-an ni ó ń dáàbò bò.

Mọ́tò kò mọ̀ bóyá ìka ni okùn mú, tàbí pé ìgbòkun ti dé orí òpó. Yóò máa fà títí a ó fi gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ọmọrí bo bọ́tìnì, tí a sì ń fi ṣíwíìṣì ńlá kan sí ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Ihò irin ọlọ́wọ́ ṣì máa ń wà lórí wíǹṣì oníná, fún ọjọ́ tí bátìrì bá kú.