Abẹ́ èékánná ni ohun tó pa Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀: ẹ má fi egbò tó kọ̀ tí kò jinná ṣeré o!

Bí wọ́n bá dárúkọ Bob Marley, orin àti igbó ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ kiri títí dòní pé igbó tó ń mu ló pa á. Irọ́ ni o. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí ẹní máa kú, bọ́ọ̀lù náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ rò pé ó ṣe é léṣe lábẹ́ èékánná. Àmọ́ lọ́dún 1977, àwọn dókítà ní jẹjẹrẹ awọ ara ni. Wọ́n ní káwọn gé ìka ẹsẹ̀ náà, kò gbà. Wọ́n wá gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n sì bu awọ ibòmíràn lára rẹ̀ bò ó. Nígbà tó fi máa di ọdún 1980, àrùn ọ̀hún ti dé ọpọlọ. Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún, ọdún 1981, Bob Marley kú nílùú Miami, ẹni ọdún 36 péré.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló gbà pé àìsàn òyìnbó ni jẹjẹrẹ awọ ara. Lóòótọ́, ó wọ́pọ̀ lára wọn ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n kò yọ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ibi tí èèyàn kì í sábà wò ló máa ń sá pamọ́ sí lára tiwa: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Ní ti àwọn àfín, oòrùn ló ń ṣe wọ́n léṣe, ojú, etí àti ọrùn wọn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ hàn sí.

Nígboro Èkó àti Ìbàdàn, ẹni tí nǹkan bá yọ sí lára, ọ̀dọ̀ alákẹ́mísì ló ń gbà lọ. Wọ́n á ta ìpara kan fún un, èyí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sí. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń pa ara yíyún lójú ẹsẹ̀, inú onítọ̀hún á dùn pé ó ti lọ. Kò lọ síbì kankan o! Bó bá jẹ́ làpálàpá ni, abẹ́lẹ̀ ló ti ń ràn, bí wọ́n bá sì ń fi í para títí, ṣe ni awọ á máa fẹ́lẹ́ sí i. Nígbà tí dókítà bá máa rí i, àrùn náà ti pa àwọ̀ dà.

Èwo ni kò yẹ kéèyàn fi falẹ̀? Egbò tó ti lé lóṣù kan tí kò jinná. Àmì dúdú tó ń tóbi, tó ń yí àwọ̀ padà tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìlà dúdú lábẹ́ èékánná tó ń fẹ̀ sí i. Ojú ara tó ṣì, tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀ ọ́n lára: ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ má bẹ̀rù, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀tẹ̀ láti ọdún 1995, oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan lèèyàn máa fi lò ó.

Ti kókó tí kì í dunni, tó wá bẹ́ di egbò ńlá, tún yàtọ̀. Wọ́n á ní ẹni náà tẹ oògùn ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àrùn Buruli ló lè jẹ́. Ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn èèyàn sì ti ń sọdá láti ibẹ̀ lọ sí Pọbẹ̀ ní Benin, níbi tí wọ́n ṣí ọsibítù rẹ̀ sí lọ́dún 2003. Oògùn lílò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló ń wò ó, bí wọ́n bá tètè dé.

Níbo wá ni kéèyàn gbà lọ? Sẹ́ńtà ìlera ìjọba ìbílẹ̀ tàbí jẹ́nẹ́rà ọsibítù tó súnmọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ gba lẹ́tà níbẹ̀. Àwọn dókítà awọ ara wà ní LUTH, Ìdí-Àrábà, LASUTH, Ìkẹjà, UCH, Ìbàdàn, àti OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí aláìsàn kẹ́ ẹ tó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé adójútòfò ìlera, ọsibítù tó yàn sínú ìwé náà ni kó ti gba lẹ́tà, kí wọ́n má bàa ní kó sanwó lápò ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọsibítù aládàáni l'Èkó, ẹ wo ara ògiri bóyá ìwé HEFAMAA wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá dókítà awọ ara gan-an ló wà níbẹ̀ tàbí àwọn tó ń bóra fún èèyàn.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò lẹ́ẹ̀kánná, ẹ má fi nǹkan kan pa ojú egbò, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo ìpara tẹ́ ẹ ti lò dání. Dókítà lè gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àwọn kan máa ń sọ pé bí abẹ bá ti kàn án, ó máa ràn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìmọ ohun tó jẹ́ gan-an ló léwu. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gé e dànù láì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ padà lọ gba èsì.

Lálẹ́ òní, tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kẹ́ ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì yín bá yín wo ẹ̀yìn. Ìwòkuwò kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.