Ta Ni Yóò Lé Windows Kúrò Lórí Tábìlì?

Ní ọdún 2003, Steve Ballmer, ọ̀gá àgbà Microsoft nígbà náà, pa ìsinmi rẹ̀ tì ní Switzerland, ó gbéra ó di Munich ní ilẹ̀ Jámánì. Christian Ude, olórí ìlú náà, ló ń wá lọ. Ìgbìmọ̀ ìlú ti ń gbèrò láti yọ Windows kúrò nínú kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n fi Linux, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, rọ́pò rẹ̀. Microsoft gé owó ọjà rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ò wọlé. Linux ni wọ́n dìbò fún.

Nígbà tó fi di 2013, kọ̀ǹpútà tó lé ní 14,000 ti bọ́ sórí LiMux, orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀dà tiwọn. Wọ́n tilẹ̀ kéde ní 2012 pé owó tí àwọn ò ná mọ́ ti lé ní mílíọ̀nù 10 yúrò. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń ráhùn: fáìlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síta a máa dàrú lọ́hùn-ún, torí Microsoft Office ni àwọn tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ń lò. Ìjọba yí padà, Dieter Reiter di olórí ìlú, ìgbìmọ̀ sì tún dìbò ní 2017: kí Windows máa bọ̀. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni Microsoft kó olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì wọ inú ìlú Munich gan-an. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn láti máa fura.

Kì í ṣe pé Linux kò lágbára. Láti ìgbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ó ti gba ibi púpọ̀. Láti ìparí 2017, òun ló ń darí gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó yára jù lọ láyé. Android tó wà nínú fóònù yín, orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Àfi orí tábìlì nìkan: nínú ìṣirò StatCounter, ọdún 2024 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ré kọjá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Adájọ́ Thomas Penfield Jackson ti tọ́ka sí okùn tó so ó mọ́lẹ̀ ní 1999, nínú ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Microsoft. Áàpù ni èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà; ibi tí oníbàárà bá pọ̀ sí sì ni àwọn tó ń kọ áàpù ń lọ. Bí ọjà tó ti kún ṣe ń fa èrò nìyẹn, tí ọjà tuntun fi ń ṣófo. IBM pàápàá, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀, kò rí OS/2, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbé dìde.

Ohun kejì rorò ju ìyẹn lọ: ta ló kọ́kọ́ wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń tà á? Hitachi fi BeOS, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Be ṣe, pẹ̀lú Windows sínú kọ̀ǹpútà kan tó ń tà ní Japan, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá tan ẹ̀rọ náà, Windows nìkan ló máa rí. Be pe Microsoft lẹ́jọ́. Ní 2003, Microsoft san mílíọ̀nù 23.25 dọ́là láti fi parí ọ̀rọ̀, kò sì gbà pé òun jẹ̀bi. Nígbà yẹn, BeOS ti kú.

Àwọn ọlọ́pàá Gendarmerie ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà tó gbọ́n ju ti Munich lọ. Wọn ò fọwọ́ kan Windows ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2005, wọ́n yọ Office kúrò, wọ́n fi OpenOffice sí i. Lẹ́yìn náà ni Firefox fún íńtánẹ́ẹ̀tì àti Thunderbird fún ímeèlì dé. Ìgbà tó di 2008, tí wọ́n wá gbé Ubuntu, ẹ̀dà Linux kan, wọlé, ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ náà ló ṣì wà lójú ẹ̀rọ. Ní 2024, kọ̀ǹpútà wọn tó ń lò ó ti lé ní 100,000. Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì ń tọ ipa ọ̀nà kan náà báyìí fún kọ̀ǹpútà 30,000.

Valve, tó ń ta géèmù, kò tilẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbé Proton jáde ní 2018, èyí tó ń mú kí géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ó sì fi Linux sínú Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká rẹ̀, ní 2022. Ẹni tó rà á kàn ń gbá géèmù rẹ̀ ni. Kò pọn dandan kó mọ̀ pé Linux ni.

Nílé wa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ pé Linux jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọni létí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀dà Windows tí ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀ kún ìgboro. Ohun tó lè yí i padà ni pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti wà ṣáájú nǹkan bí 2018. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ikeja. Wọ́n ṣì lè fi Linux lò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n oníbàárà kọ́ ló ń pinnu ohun tó máa bá nínú ẹ̀rọ nígbà tó bá tàn án. Ẹni tó ń tà á ni.